Àdírẹ́sì àti Àkọtọ́: Ìtàn Lẹ́tà Nàgó láti Ìwé Àtẹ̀jáde dé Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ

Alédjo, Bassila, Manigri àti Pénéssoulou ni agbègbè mẹ́rin tí ó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Bassila, ní ẹ̀ka Donga, níbi tí ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Tógò ti pààlà. Èdè tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sọ kì í ṣe ẹyọ kan. Anii ni èdè àwọn ọmọ Bassila. Tem, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Kotokoli, gbilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nàgó ni èdè Manigri, òun náà ni a sì ń gbọ́ ní Kambolé, ní òdìkejì ààlà. Ẹ̀yà Nàgó mìíràn, tí a ń pè ní Kura, ni a mọ̀ mọ́ ìhà Alédjo.

Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò lè ṣàì kọ́kọ́ bèèrè pé: lẹ́tà wo ni a ó fi kọ ọ́? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ èdè. Lónìí ó tún padà wá ní ọ̀nà tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kò rò tẹ́lẹ̀. Ìwé tí a ń tẹ̀ sórí bébà ní àná ti ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni ó sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà ní àdúgbò. Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to àwọn ojú-ìwé náà jọ ni ó máa ń fa àdírẹ́sì yọ láti inú àkọlé, bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lẹ́kun. Ó ń yọ àmì ohùn kúrò, ó ń pa lẹ́tà kan dà, ó sì ń fi òmíràn sílẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ àkọtọ́ ni ẹ̀rọ náà ń ṣe, láìsí ìgbìmọ̀, láìsí ìjíròrò.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Bí olùkọ́ kan bá kọ ojú-ìwé mẹ́ta, ọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, èkejì lórí bí a ti ń po ẹ̀kọ, ẹ̀kẹta lórí ìrìn-àjò lọ sí Èkó, àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ yóò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ ọ̀kan náà: eko. Nínú WordPress, èkejì yóò di eko-2, ẹ̀kẹta yóò di eko-3. Òǹkàwé tí ó bá rí eko-2 kò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ni tàbí ìlú.

Kí a tó lè sọ irú ètò tí ó yẹ kí a yàn, ó tọ́ kí a tọ ipa ìtàn méjì: ìtàn àwọn lẹ́tà wa, àti ìtàn àdírẹ́sì fúnra rẹ̀.

2. Ìtàn àwọn lẹ́tà

Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London. Láti ìgbà náà ni ìṣòro kan ti wà: álífábẹ́ẹ̀tì Látìnì ní lẹ́tà márùn-ún péré fún fáwẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n fáwẹ́ẹ̀lì àìránmúpè Yorùbá jẹ́ méje. Ní 1855, Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dámọ̀ràn álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè tí a kò tíì kọ sílẹ̀. Àbá rẹ̀ ni pé kí á fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà láti ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀ lórí ọ̀nà yìí. Láti ìgbà náà ni ẹ, ọ àti ṣ ti ń gbé àmì nísàlẹ̀, tí lẹ́tà p nìkan sì ń dúró fún ìró tí àwọn èdè mìíràn ń kọ ní kp.

Ọ̀nà kejì yọjú ní 1927, nígbà tí Àjọ Àgbáyé fún Èdè àti Àṣà Áfíríkà, tí a dá sílẹ̀ ní London ní 1926, gbé àbá tirẹ̀ jáde. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí á dín àmì orí àti àmì ìdí lẹ́tà kù, kí á sì lo lẹ́tà tuntun tí ó dá dúró, bíi ɛ àti ɔ. Èdè Twi ní ilẹ̀ tí ó di Ghana gba lẹ́tà wọ̀nyí. Yorùbá ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà wọ́n: Bíbélì, ìwé orin ìsìn, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ìròyìn ti pọ̀ jù nínú àkọtọ́ àtijọ́ kí a tó lè yí i padà. Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní 1966, àti ìpinnu tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe; aiye di ayé, enia di ènìyàn; ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan àmì ìdí lẹ́tà.

Ní ìhà àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, ọ̀nà yàtọ̀. Ìpàdé tí Unesco pè ní Bamako ní 1966 gbìyànjú láti so álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè tí ó kọjá ààlà pọ̀, bíi Mandingo, Fúlàní àti Hausa. Ní 1975, Ìgbìmọ̀ Orílẹ̀-èdè fún Èdè gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin kalẹ̀. A tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ èdè ti orílẹ̀-èdè. Nínú rẹ̀, Yorùbá-Nàgó ń lo ɛ níbi tí Nàìjíríà ń lo ẹ, ó ń lo ɔ níbi tí Nàìjíríà ń lo ọ, ó ń lo sh fún ṣ, ó sì ń lo kp fún p. Iṣẹ́ wá di ishɛ́, ìpàdé di ìkpàdé. Ìpàdé Niamey ní 1978, tí ó gbé álífábẹ́ẹ̀tì ìtọ́kasí fún Áfíríkà jáde, fi ɛ àti ɔ sínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí. Nàìjíríà fẹ́ kí ọmọ lè ka ìwé tí bàbá rẹ̀ kà. Benin fẹ́ kí gbogbo èdè orílẹ̀-èdè jọ máa lo lẹ́tà kan náà. Ní ibi bíi Bassila, àǹfààní èyí kò farasin: ẹni tí ó ti kọ́ ɛ nínú èdè kan kò ní láti tún un kọ́ nínú èdè aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, ní ẹnu ènìyàn kan náà, ní aṣọ méjì lórí bébà. Nígbà tí ó jẹ́ pé bébà nìkan ni ìwé ń gbà rìn, èyí kò le jù: ẹni tí ìwé bá tẹ̀ lọ́wọ́ yóò fi ojú bá a mu. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé kì í dédé tẹ ènìyàn lọ́wọ́; àfi kí ó wá a. Ẹni tí ń wá nǹkan sì ní láti kọ orúkọ rẹ̀.

3. Ìtàn àdírẹ́sì

Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé àkójọ àmì kan jáde fún ẹ̀rọ, tí a ń pè ní ASCII. Àyè 128 péré ni ó ní. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì gba inú rẹ̀. Kò sí é ti èdè Faransé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ tàbí ɛ. Nígbà tí Tim Berners-Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ òfin àdírẹ́sì ìkànnì sílẹ̀ ní 1994, inú àkójọ yìí ni wọ́n ti mú lẹ́tà tí àdírẹ́sì lè lò. Lẹ́tà yòókù gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: a ó sọ ọ́ di nọ́ńbà, a ó sì fi àmì % ṣíwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ni ó wá di ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà sọ lẹ́tà di nọ́ńbà.

Láàárín ìgbà náà, ètò tí a fi ń to ìwé sórí ìkànnì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Iṣẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè kọ ìwé, kí ó fi sí ipò rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe nígbà tí ó bá fẹ́. Drupal àti SPIP jáde ní 2001, WordPress ní 2003, Joomla ní 2005. SPIP, tí àwọn ará Faransé ṣe, gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ èdè Faransé. Àwọn ètò wọ̀nyí ń kó ìwé pamọ́ sínú àká, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà pè wọ́n. Nítorí náà nọ́ńbà ni ó kọ́kọ́ hàn nínú àdírẹ́sì. Ti SPIP ìgbà náà máa ń parí pẹ̀lú article.php3?id_article=12, ti Drupal pẹ̀lú node/12, ti WordPress pẹ̀lú ?p=12. Irú àdírẹ́sì báyìí ń sọ ohun tí ẹ̀rọ mọ̀; kò sọ ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀.

Ó ní àìsàn mìíràn lára. Php3 jẹ́ orúkọ ẹ̀dà irinṣẹ́ kan ní àkókò kan. Nígbà tí irinṣẹ́ náà yí padà, SPIP fúnra rẹ̀ ní láti yí àdírẹ́sì padà. Ní 1998 ni Berners-Lee ti kìlọ̀ nípa èyí. Ó ní àdírẹ́sì tí ó dára kì í yí padà, pé ènìyàn ni ó ń yí i padà, pé ohunkóhun tí ó bá lè yí ní ọ̀la, bí orúkọ irinṣẹ́ tàbí ipò ìwé, kò yẹ kí ó wà nínú àdírẹ́sì lónìí.

Láti ibẹ̀ ni àdírẹ́sì tí ènìyàn lè kà ti wá: a yọ nọ́ńbà àti àmì ìbéèrè kúrò, a fi ọ̀rọ̀ àkọlé sí i, a fi àmì ìsopọ̀ kékeré pín àwọn ọ̀rọ̀ náà. Google náà dámọ̀ràn ọ̀rọ̀ tí ó yé ènìyàn àti àmì ìsopọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a má ṣe àsọdùn. Àwọn kan gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ inú àdírẹ́sì ni yóò gbé ojú-ìwé dé òkè nínú èsì ìwárí. Google fúnra rẹ̀ ti sọ nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ inú àdírẹ́sì nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní agbára kankan lórí ipò ojú-ìwé. Ohun tí a kọ sínú ojú-ìwé náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù. Àǹfààní àdírẹ́sì tí ó ṣeé kà wà lọ́dọ̀ ènìyàn: a lè kà á lórí rédíò, a lè kọ ọ́ sójú pátákó, a lè tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé, a sì lè rántí rẹ̀.

4. Ibi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ti di ọ̀kan. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú ẹni tí ó ń kọ Nàgó.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí á fi lẹ́tà àti àmì ohùn sílẹ̀ bí wọ́n ti rí. Wikipedia Yorùbá, tí ètò MediaWiki ń gbé, ṣe bẹ́ẹ̀: àkọlé pẹ̀lú àmì rẹ̀ ni àdírẹ́sì. Ojú ẹni tí ń kà á rí i dáadáa lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dà á kọ láti fi ránṣẹ́, aṣọ náà sábà máa ń bọ́. Ẹ̀kọ́ yóò di %E1%BA%B9%CC%80k%E1%BB%8D%CC%81. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta ti di àmì 31. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Benin, ɛ̀kɔ́ yóò di àmì 25. Kò sí olùkọ́ tí ó lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì sétí akẹ́kọ̀ọ́.

Ewu kan sì wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àkójọ Unicode tí ó jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì òkè lórí. Àfi kí á to ó pọ̀. Ẹnì kan lè mú ẹ, kí ó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè mú é, kí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta lè mú e lásán, kí ó fi àmì méjèèjì kún un. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Fún ẹ̀rọ, àdírẹ́sì mẹ́ta ni wọ́n: %E1%BA%B9%CC%81, %C3%A9%CC%A3 àti e%CC%A3%CC%81. MediaWiki máa ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan kí ó tó lò wọ́n. Ètò tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè sọ fún òǹkàwé pé ojú-ìwé kò sí, nígbà tí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé kí á yọ gbogbo àmì, kí á fi lẹ́tà lásán sílẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ètò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ti ń ṣe é yóò rí ohun ìyanu. Tábìlì tí WordPress fi ń yọ àmì ní ẹ àti ọ nínú, kì í ṣe nítorí Yorùbá, bí kò ṣe nítorí pé èdè Vietnam náà ní lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀. Lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ Vietnam ni a to wọ́n sí. Yorùbá kàn bá wọn jẹ níbẹ̀ ni. Lẹ́tà ṣ kò sí nínú àkọtọ́ Vietnam, nítorí náà kò bá wọn jókòó ní àwùjọ yẹn.

Ti ɛ àti ɔ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Unicode mọ̀ pé ẹ jẹ́ e pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀. Ètò tí ó bá mọ bí a ti ń tú lẹ́tà palẹ̀ yóò rí e nínú rẹ̀ láìsí tábìlì kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tí ó dá dúró ni ɛ. Kò ní ohun tí a lè tú lára rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé 1927 rí gẹ́gẹ́ bí ẹwà rẹ̀, pé kò gbára lé àmì, òun gan-an ni ó di ìdènà fún un níbí. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú tábìlì pé ɛ ni kí á kà sí e, ẹ̀rọ lè fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì % tàbí kí ó gbé e jù nù. Ìgbà náà ni ɛ̀kɔ́ yóò di k. Ọ̀rọ̀ tán.

Síbẹ̀, bí a bá ṣe tábìlì náà dáadáa, lẹ́tà lásán ní oore kan. Ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà àti ɛ̀kɔ́ ti Benin yóò pàdé ní eko. Ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ kò rí so pọ̀, àdírẹ́sì so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀: iṣẹ́ yóò di ise, ishɛ́ yóò di ishe, ìpàdé yóò di ipade, ìkpàdé yóò di ikpade. Fáwẹ́ẹ̀lì rẹ́, kọ́ńsónáǹtì kò rẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìkànnì fún Manigri ní láti mọ èyí tẹ́lẹ̀, kí ó sì yan ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì, kí ó fi èkejì ṣe ọ̀nà àbùjá tí yóò darí òǹkàwé síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tọ̀. BBC, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá ní 2018, ń fi àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ yàn parí àdírẹ́sì ìròyìn rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ àkọlé sí i. Àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kì í bá àkọtọ́ jà rárá. Ilé ìròyìn tí òkìkí rẹ̀ ti kàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí a ó dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìpàdánù nǹkan.

5. Orúkọ èdè nínú àdírẹ́sì

Apá kan tún kù nínú àdírẹ́sì tí kì í ṣe ti àkọlé: orúkọ èdè. Ìkànnì tí ó ní èdè púpọ̀ máa ń fi àmì kúkúrú ya èdè kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Yo ni ti Yorùbá. Òun ni ó ṣíwájú àdírẹ́sì Wikipedia Yorùbá. Àkójọ onílẹ́tà mẹ́ta tí a tẹ̀ jáde ní 2007 fún àwọn ẹ̀yà èdè tí ó wà ní Benin àti Tógò ní orúkọ tiwọn: xkb fún Nàgó Manigri àti Kambolé, nqk fún Nàgó Kura, cbj fún Ṣábẹ̀ẹ́, ica fún Ìcà, idd fún Ìdàáṣà.

Fún ẹni tí kò mọ̀, lẹ́tà mẹ́ta lásán ni xkb. Fún olùwádìí, ìpinnu ńlá ni. Bí a bá fi ìwé Manigri sábẹ́ yo, a ti sọ pé Yorùbá ni. Ẹni tí ń wá ìwé Yorùbá láti Ìbàdàn tàbí Kétu lè bá a pàdé, ṣùgbọ́n ohùn Manigri lè sọnù láàárín èrò. Bí a bá fi sábẹ́ xkb, a ti dá a mọ̀ fún ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni yóò wá nǹkan síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ pé bóyá èdè kan ni àbí èdè púpọ̀, tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, ni ẹni tí ń to ìkànnì ń dáhùn ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ó bá ń kọ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta sínú àpótí kékeré kan. Ètò tí ó bá mọ kìkì àwọn èdè tí a ti tò sínú rẹ̀ kò ní gba xkb wọlé rárá. Ó ti dá ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

6. Ohun tí ó yẹ kí á bi ètò kan kí á tó yàn án

Láti inú ìtàn méjèèjì yìí, ìbéèrè márùn-ún ni ó jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ètò fún ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Bassila tàbí Manigri lè gbé wọn ka iwájú rẹ̀.

Èkíní: ǹjẹ́ olótùú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́sì? WordPress àti Drupal gba èyí láyè. Níbi tí kò bá sí, ẹ̀rọ ni ọ̀gá.

Èkejì: ǹjẹ́ a lè tún tábìlì lẹ́tà rẹ̀ ṣe? A gbọ́dọ̀ lè sọ fún un pé ɛ àti ẹ di e, ɔ àti ọ di o, kí á sì yàn bóyá ṣ yóò di s tàbí sh. Ìpinnu yìí gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ ní ọ̀la lè tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ó ń pa àkọlé mọ́ ní odindi, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, lórí ojú-ìwé fúnra rẹ̀? Àdírẹ́sì lè wọ aṣọ iṣẹ́. Àkọlé gbọ́dọ̀ wọ aṣọ òde. A kò gbọ́dọ̀ tìtorí àdírẹ́sì kọ ẹ̀kọ́ ní eko nínú ìwé tí a fi ń kọ́ ènìyàn ní àkọtọ́. Ojú-ìwé sì lè gbé orúkọ méjèèjì, ti Benin àti ti Nàìjíríà, kí ẹni tí ó bá fi èyíkéyìí wá a lè rí i.

Ẹ̀kẹrin: bí a bá yí àdírẹ́sì padà, ǹjẹ́ ètò náà lè darí ẹni tí ó bá lo ti àtijọ́ lọ sí ti titun? Ìdarí títí láé yìí, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń fi nọ́ńbà 301 pè, dà bí ẹni tí ó kó kúrò ní ilé àtijọ́ ṣùgbọ́n tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti máa júwe ilé titun.

Ẹ̀karùn-ún: ǹjẹ́ ó gba àmì èdè tí a bá fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ xkb tàbí nqk?

Ní ti àkọlé tí ó bá fẹ́ jọra lẹ́yìn tí àmì bá ti kúrò, oògùn rẹ̀ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Oko, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ yóò di oko nígbà tí àmì bá ṣí. Yorùbá ti mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́: oko-agbado, oko-iyawo, oko-oju-omi. Ẹni tí ó bá ka èyí kò ní ṣìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ó sàn ju oko-2 àti oko-3 lọ, nítorí ìtumọ̀ ni ó fi yà wọ́n, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ dé.

7. Ìkádìí

Àwọn tí ó jókòó ní Èkó ní 1875 kò mọ̀ pé àmì tí wọ́n fi sí abẹ́ e àti o ni yóò ran lẹ́tà náà lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí a kò tíì rò tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó gbé álífábẹ́ẹ̀tì Benin kalẹ̀ ní 1975 náà kò mọ̀ pé lẹ́tà tí ó dá dúró yóò rí ìṣòro ní ibi tí lẹ́tà alámì ti rí ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n kọ ìdí ìpinnu wọn sílẹ̀. Nítorí náà ni a fi lè mọ ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé ni pé ìpinnu irú bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìjókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà yóò gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, yóò gba ohun tí ètò náà bá yàn fún un, ìwé ọgọ́rùn-ún yóò sì ti gba orúkọ kí olùkọ́ tó mọ̀. Bí a bá ti tẹ àwọn àdírẹ́sì náà sẹ́yìn ìwé, tí a ti kà wọ́n lórí rédíò, tí àwọn ènìyàn Kambolé ti kọ wọ́n sílẹ̀, yíyí wọn padà yóò nira bí yíyí àkọtọ́ Bíbélì padà ti nira.

Nítorí náà, kí ìjókòó ṣáájú ètò. Kí olùkọ́, olùwádìí àti ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ kọ́kọ́ jókòó pọ̀ lórí lẹ́tà, lórí orúkọ èdè, lórí ọ̀rọ̀ tí yóò ya oko kúrò lára ọkọ̀. Kí wọ́n kọ ìpinnu wọn sí ojú-ìwé kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ètò tí ó lè gbọ́ ti ìpinnu náà. Orúkọ ọmọ kì í ti ọwọ́ ẹni tí ó ran aṣọ ìkómọ wá. Àwọn ẹbí ni ó ń jókòó sọ ọ́.